Àmì Tó Tóbi Ju Ife Lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀gá kan fún yín kí n tó gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí omi dà sí i láyà. Mo ti rí ọ̀gá tó ń ṣahun, mo ti rí èyí tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti rí èyí tó ń ṣe méjèèjì pọ̀. Tiwa yìí yàtọ̀. Kò jalè, kò bú ẹnikẹ́ni, inú rẹ̀ kò sì burú. Iyì ló ń dà á láàmú, ó sì fẹ́ kó máa da gbogbo wa láàmú pẹ̀lú òun.

Ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣọ̀gá, nǹkan ìlò ilé ni wọ́n ń ya níbẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe: àga, iná orí tábìlì, ṣíbí, ìyarun, ife, ọwọ́ ilẹ̀kùn. Òun ni olórí ẹ̀ka tó ń rí sí àmì tí àwọn oníbàárà fi ń dá ọjà ilé-iṣẹ́ náà mọ̀. Orúkọ ipò rẹ̀ gùn débi pé wọ́n ní láti kan pákó kún pákó lára ilẹ̀kùn kó tó gba gbogbo rẹ̀: Olùdarí Àgbà fún Àmì, Àwọ̀, Iyì àti Ìrísí. Bó bá kẹ́yìn sí wọn, Baba Kò-Gbọdọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí kì í lanu kí ọ̀rọ̀ yẹn má jáde. Bàtà kò gbọdọ̀ dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Báírò pupa kò gbọdọ̀ sùn ti báírò dúdú. Èèyàn kò gbọdọ̀ sín níwájú ọ́fíìsì rẹ̀, àfi bó bá ti kọ́kọ́ sọ fún Akọ̀wé.

Akọ̀wé yìí ló ń gba báàgì rẹ̀ láàárọ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun náà ló ń bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́ nípàdé. Bí òun kò bá tíì pa á, kò sẹ́ni tó máa dán an wò.

"Ẹ káàárọ̀ sà," Akọ̀wé á wí. "Oòrùn ti yọ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ bí ẹ ṣe dé yìí ni."

"Ta ni oòrùn gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?" Ọ̀gá á dáhùn, á sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí àwọn tó wà nítòsí lè mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ọ̀gá yìí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò ṣòkòtò. Bó bá ń rìn, ó wà níbẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ó wà níbẹ̀. Kì í fọwọ́ sí ìwé rárá, òǹtẹ̀ ni Akọ̀wé ń bá a lù. "Ẹni ńlá kì í kọ̀wé," ni Akọ̀wé máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè, "wọ́n ń kọ̀wé sí i ni." Àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé ìgbéraga ni. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ náà sílẹ̀ nínú àpò ná.

Ìyá Oníléeṣẹ́ ló dá wàhálà tí mò ń sọ yìí sílẹ̀, láìmọ̀. Àgbà obìnrin ni, àpótí ìjókòó ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì lágbára, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọjú báyìí. Lọ́jọ́ tó yọjú, ó ní, "Ọjà wa dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ra àga wa kò mọ̀ pé àwa náà la ṣe iná tó ń tàn lé e lórí. Ẹ bá mi wá àmì kan tó máa ṣeé lò lára gbogbo wọn." Ó gba ilé lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

Ayàwòrán kan wà ní ẹ̀ka náà, obìnrin tí pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ló fi ronú sí i. Nígbà tó wá síwájú ìpàdé, bébà mẹ́fà péré ló mú dání.

"Kókó kan àti ìlà kan ni, sà," ó ní. "Wọn ò ní máa dúró sójú kan. Lára àga, ìlà á tẹ̀ lé apá àga, kókó á wà níbi tí ọwọ́ ti ń sinmi. Lára iná, ìlà á yí ọrùn ẹ̀ ká, kókó yẹn léèyàn máa tẹ̀ tí iná á fi tàn. Lára ife, kókó á wà lábẹ́ àtàǹpàkò. Tó bá jẹ́ orí ìwé, ìlà á gùn. Tó bá jẹ́ ṣíbí, á kúrú. Ibi tọ́wọ́ bá ti nílò ẹ̀ ló máa wà. Ó ń yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan á máa dá a mọ̀, bá a ṣe ń dá ọmọ aládùúgbò wa mọ̀ tó bá pààrọ̀ aṣọ."

Gbogbo ojú lọ sí ọwọ́ Akọ̀wé. Ọwọ́ Akọ̀wé kò mira.

Ọ̀gá dìde. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè bí ẹni tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń wò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀. "Mo ti gbọ́. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Àmì tó ń tẹ̀. Àmì tó ń kúrú níwájú ṣíbí, ṣíbí lásán tí wọ́n fi ń ro ṣúgà. Mo bi yín: bí èmi bá dé iwájú ṣíbí, ṣé mo máa ń kúrú?"

"Rárá o, sà," Akọ̀wé ní.

"Bí mo bá jókòó sórí àga, ṣé èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé apá àga?"

"Àga ló ń tẹ̀, sà." Òótọ́ sì ni èyí, torí ọ̀gá náà sanra dáadáa.

"Iyì kò gbọdọ̀ tẹ̀. Iyì kò gbọdọ̀ kúrú. Iyì kò sì gbọdọ̀ fara pamọ́ sábẹ́ àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé bébà wá."

Ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí bébà, Akọ̀wé sì fi pẹ́ńsù yí i ká. Ìwọ̀n nìyẹn. Àmì ilé-iṣẹ́ náà yóò jẹ́ àwo idẹ pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá, tí ẹyẹ idì dúró lórí adé nínú rẹ̀, tí ìràwọ̀ méje yí idì ká, kò sì gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ pọ̀ sí i, láti orí òrùlé dé orí ṣíbí. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ayàwòrán ká bébà mẹ́fà rẹ̀, ó tún fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí.

Idì ni wọ́n pè é o. Àmọ́ ẹni tó yà á kò rí idì rí, àwọn tó wà ní ilé ìrọ́bà, níbi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà ṣe ọjà, sì ń pè é ní adìẹ.

Lórí òrùlé, àwọn tó ń kọjá lọ rò pé ẹnìkan ló ju ìdérí ìkòkò síbẹ̀. Lára ìyarun, adìẹ gba gbogbo àyè, ó ku eyín mẹ́rin. Ọ̀gá ní kò burú, pé àwọn apárí ló mọyì ìyarun jù. Òun fúnra rẹ̀ ti pá. Ní ti ṣíbí, Bàbá Onírọ́bà, ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da rọ́bà gbígbóná, gòkè wá pẹ̀lú ọ̀kan lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ṣíbí yìí ò wọ ẹnu mọ́."

"Ẹnu ta ni?"

"Ẹnu gbogbo èèyàn ni, sà. Àwa méje la gbìyànjú ẹ̀."

"Kí wọ́n yanu. Ẹni tí ebi ń pa lóòótọ́ kì í fi ẹnu ṣahun."

Akọ̀wé kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnu adìẹ tó yọ síta lára ọwọ́ ilẹ̀kùn tuntun fa kóòtù Ọ̀gá mú nígbà tó ń jáde, kò jẹ́ kó lọ síwájú, kò jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi tú u sílẹ̀. "Ilẹ̀kùn ló ń bẹ̀ yín, sà," Akọ̀wé ní, "kò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ." Ọ̀gá rò ó wò, ó sì rí i pé òótọ́ ni.

Títí dé ibí yìí, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí kì í ṣe ohun ẹ̀rín, ife ni.

Bàbá Ayàwòrán ṣiṣẹ́ télọ̀ fún ogójì ọdún. Ọwọ́ tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwo ibẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, kò sì lè gbé ife dé ẹnu kí ìdajì má dà sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣíwọ́ mímu nǹkan níwájú èèyàn ni. Bí àlejò bá dé, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tán. Ọmọ rẹ̀ ká a mọ́ ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, tó kọjú sí ògiri, tó ń fi ṣíbí bu tíì mu bí ẹni tó ń jalè. Ó dun obìnrin náà wọra. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ife kan.

Ìdí ife náà fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúwo díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gba ìka mẹ́rin, kókó kékeré kan sì wà lókè ọwọ́ náà níbi tí àtàǹpàkò ti máa tẹ̀ ẹ́, kó má bàa yí. Bàbá Onírọ́bà bá a da ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tó gbé e délé, bàbá rẹ̀ jókòó sójú fèrèsé, ó mu tíì tán, ó sì na ife náà sókè kí àwọn tó ń kọjá. Ó tó ọdún méjì tó ti jókòó níbẹ̀ kẹ́yìn.

Ìròyìn ife náà dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Mátírọ́nù ibẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, pé bó bá dára, òun fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún gbogbo àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun. Bí kò bá dára, wọ́n máa yọ́ irin tí wọ́n ń da rọ́bà sí láti fi ṣe é, ọ̀rọ̀ ife sì parí nìyẹn. Ayàwòrán yá ife náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e wá síwájú Ọ̀gá.

"Àmì ẹ̀ dà?" Ọ̀gá béèrè.

"Kókó yìí ni, sà."

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ fọwọ́ kàn án wò, sà."

Ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá mira nínú àpò, ṣùgbọ́n kò jáde. "Ohun tí mo bá ní láti fọwọ́ kàn kí n tó rí i, kì í ṣe àmì. Ife tí kò ní àmì kò gbọdọ̀ jáde nínú ilé yìí. A ó fi idì sí àwọn tuntun. Èyí á wà ní àhámọ́." Ó fi ọwọ́ òsì gbé e, ó sì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

"Bàbá mi ló ń lò ó, sà. Òun nìkan ni wọ́n ní."

"Kí bàbá ẹ ṣe sùúrù."

Nígbà tí Ayàwòrán délé, bàbá rẹ̀ ti gbé omi kaná. "Ife mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́fíìsì, Bàbá. Wọ́n ní kò ní àmì."

Bàbá wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. "Ṣé wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀ ṣá?" ó ní. Lẹ́yìn náà, ó padà sí ilé ìdáná, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ìyá Oníléeṣẹ́ jókòó sápá kan tábìlì gígùn, Mátírọ́nù sápá kejì. Mátírọ́nù ti ní òun fẹ́ kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n dán ife náà wò lójú òun, kò sì sí ẹlòmíràn tí Ayàwòrán lè bẹ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ. Bàbá kọ́kọ́ kọ̀. "Kí n lọ da omi sára láàárín àwọn èèyàn?" ó ní. Níkẹyìn, ó wọ kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán nígbà tí ọwọ́ ṣì ń jẹ́ tirẹ̀, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó sọ pé kí ilé-iṣẹ́ tó ní idì, afọ́jú ni. Pé ife wà nílé ayé ṣáájú òun, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ife kò mọ ara rẹ̀ ní ife. Pé ẹni tó bá mu omi nínú ife yìí kò mu omi mọ́, iyì ló ń mu. Ìgbà mọ́kànlá ni Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Mátírọ́nù wo aago ìgbà méjìlá.

Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí ife. Àwo idẹ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wà lára ọwọ́ rẹ̀, ó bo kókó, ó bo ibi tí ìka ń gbà wọlé. Ife náà dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọra dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" Mátírọ́nù béèrè.

"Ó ń tẹríba fún yín ni, mà," Akọ̀wé dáhùn kíá, ó sì fi ìwé méjì gbè é lẹ́yìn.

Mátírọ́nù bu omi sí i, ó kọjú sí télọ̀. Télọ̀ kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì. Ọmọ rẹ̀ rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún bàbá mi nínú èyí," Ayàwòrán ní. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́. "Ó máa dà sí wọn lára. Sà, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Kò lè dà," Ọ̀gá ní. "Ohun tó bá ru idì wa kò gbọdọ̀ dà. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ́kọ́ mu ún."

Ó fi ọwọ́ òsì gbé e. Idẹ fa ife sápá kan. Ó dá a padà, idẹ tún fà á. Omi ti dé etí ife, gbogbo èèyàn ń wò ó, ọkùnrin náà sì gbàgbé ara rẹ̀. Ó fa ọwọ́ ọ̀tún yọ nínú àpò láti fi ran òsì lọ́wọ́.

Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n bí ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà, bí ti télọ̀ gan-an ló ṣe ń gbọ̀n. Omi dà sí i láyà, ó ṣàn dé ìgbànú, ẹnu adìẹ sì kọ́ táì rẹ̀, ife náà rọ̀ síbẹ̀. Akọ̀wé, tọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, pàtẹ́wọ́.

Ìyá Oníléeṣẹ́ dúró kí àtẹ́wọ́ náà tán. "Ta ló ṣe ife yìí kó tó ní adìẹ?"

"Èmi ni, mà," Ayàwòrán dáhùn.

"Èyí tó o kọ́kọ́ ṣe dà?"

"Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá, mà. Wọ́n tì í pa."

"Kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mà," Akọ̀wé ní. "Orí tábìlì ni." Mo rò pé òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ lọ́dún yẹn nìyẹn, ó sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó lọ gbé e wá. Tíì kù nínú rẹ̀, kò tíì tutù tán.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn. Ọ̀gá tó ti ife mọ́lé nítorí pé kò lámì, inú ife náà ló ti ń mu tíì láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì.

"Ṣé ife tí kò lámì yìí lo fi ń mu tíì?" Ìyá béèrè.

Ọ̀gá la ẹnu. "Kò gbọ—" ó ní, ọ̀rọ̀ náà kò jáde tán. Ó jókòó, táì rẹ̀ ń kán tótó sílẹ̀.

Mo ti tọ́jú ẹ̀rín ńlá kan sílẹ̀ fún ibí yìí, ṣùgbọ́n télọ̀ kò jẹ́ kí n rín in. Bàbá náà dìde, ó lọ jókòó ti ọkùnrin tó rin gbindingbindin yìí, ó sì bi í léèrè bí àgbà ṣe ń bi àgbà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀gá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí tábìlì. "Ọdún kejì rèé."

"Tèmi ti pé mẹ́rin. Èmi, ògiri ni mo máa ń kọjú sí. Ẹ̀yin, àpò."

Mátírọ́nù fọ ife náà, ó bu omi sí i dé etí. Télọ̀ fi àtàǹpàkò wá kókó, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sẹ́nu lójú gbogbo wọn. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ife kò yí. Kò sí ẹ̀kán omi kan tó kàn kóòtù tó rán. Ọmọ rẹ̀ yíjú sí fèrèsé, nítorí omijé ti lé sí i lójú. Mátírọ́nù ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ajé náà ni wọ́n tú pákó orúkọ gígùn kúrò lára ilẹ̀kùn. Àpótí ìjókòó méjì ló jáde nínú rẹ̀. Wọ́n yọ́ gbogbo adìẹ, wọ́n fi idẹ wọn ṣe kókó sára iná orí tábìlì. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá kò lé Ọ̀gá. Ó ní kó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìrọ́bà, pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lò ó kó tó jáde. Ní ti Akọ̀wé, ó gbìyànjú láti máa pàtẹ́wọ́ fún Ayàwòrán, ìyẹn sì ní kó lọ wá nǹkan gbé. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń wá ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún.

Télọ̀ sábà máa ń yà sí ilé ìrọ́bà láàárọ̀ báyìí. Àwọn méjèèjì á jókòó sójú fèrèsé lórí àpótí tí wọ́n fi pákó orúkọ kàn, kálukú pẹ̀lú ife tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá wo ife lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá," ó ní, "ibo gan-an lọmọ yín fi àmì yìí sí? Mo ti ń wá a látọjọ́ yìí."

"Àtàǹpàkò yín ló wà lórí ẹ̀," télọ̀ dá a lóhùn.

Ọ̀gá gbé àtàǹpàkò sókè díẹ̀ kó lè rí i. Ife fẹ́ yí. Ó yára dá àtàǹpàkò padà síbẹ̀, ó sì rọra mu tíì rẹ̀ tán.